Òfin Ìṣẹ̀dá àti Olódùmarè: Ǹjẹ́ Òfin Lè Jẹ́ Ọlọ́run?

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ohun tí òwe yìí ń tọ́ka sí ni pé àwọn nǹkan kan wà nínú ayé tí kì í wojú ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣẹlẹ̀. Òjò kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Iná kì í béèrè orúkọ ẹni kí ó tó jó o. Ẹni tí ó bá sì já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, ìbáà jẹ́ olóòótọ́, ìbáà jẹ́ olè, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà dé ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sọ irú àkíyèsí báyìí di ìmọ̀ tí a lè fi ìṣirò kọ sílẹ̀, tí a sì ń pè ní òfin ìṣẹ̀dá.

Ohun tí ó gba àròjinlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe òfin wọ̀nyí ni a ti fi ń yin Ọlọ́run láti ìgbà pípẹ́. A ní Ọlọ́run wà níbi gbogbo. Òfin ìṣẹ̀dá náà ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. A ní Ọlọ́run kì í yí padà. Àwọn onímọ̀ sọ pé òfin ìṣẹ̀dá kì í yí padà. Ojú kò rí Ọlọ́run, iṣẹ́ rẹ̀ ni ojú ń rí. Ojú kò rí òfin, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀ ni ojú ń rí. A ní Ọlọ́run kì í ṣojúsàájú. Òfin náà kò ṣojúsàájú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ohun méjì ni a ń sọ, tàbí ohun kan ṣoṣo tí ó ní orúkọ méjì.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àríyànjiyàn asán. Bí òfin ìṣẹ̀dá bá ni Ọlọ́run, tí kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ìyá tí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá ń bá ohun tí kò létí sọ̀rọ̀. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a lè sọ ohun tí Ọlọ́run ní tí òfin kò ní. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá yàn lò lè ti dáhùn ìbéèrè náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àǹfààní láti ronú sí i. Àpilẹ̀kọ yìí yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí òfin ìṣẹ̀dá jẹ́. Yóò wo àwọn onímọ̀ tí a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọ pé òun ni Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú èdè àti èrò Yorùbá.

Kí ni òfin ìṣẹ̀dá?

Ní 1687 ni Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Principia jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi hàn pé agbára kan náà tí ó ń fa èso wálẹ̀ láti orí igi ni kò jẹ́ kí òṣùpá fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń yí ayé ká. Agbára yìí, tí a lè pè ní òòfà, ń dín kù bí àwọn ohun méjì bá ṣe ń jìnnà sí ara wọn: bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn bá di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin, bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà yóò di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ṣáájú àkókò náà, ẹ̀kọ́ Aristotle tí ó ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù kọ́ni pé ìlànà tí ó wà fún àwọn ohun ojú ọ̀run yàtọ̀ sí ti àwọn ohun orí ilẹ̀. Iṣẹ́ Newton fi òpin sí ìpínyà yẹn. Òfin kan ni ó kárí òkè àti ilẹ̀.

Agbára irú òfin bẹ́ẹ̀ hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ Edmond Halley. Halley fi òfin Newton ṣírò ọ̀nà ìràwọ̀ onírù kan tí wọ́n rí ní 1682. Ó ní òun náà ni wọ́n ti rí ní 1531 àti 1607, ó sì sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò tún padà ní nǹkan bí 1758. Halley kú ní 1742. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1758, wọ́n rí ìràwọ̀ náà. Ẹni tí ó sọ ọ́ ti di ará ọ̀run ní ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú, ṣùgbọ́n òfin tí ó fi sọ ọ́ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé irú nǹkan báyìí mú kí àwọn kan rò pé ohun tí ó ju ènìyàn lọ ni wọ́n fi ọwọ́ kàn.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Òfin Newton fúnra rẹ̀ kò pé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kékeré kan nínú ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury ń gbà yí oòrùn ká, tí òfin náà kò lè ṣàlàyé. Ní 1915, Albert Einstein gbé tíọ́rì mìíràn kalẹ̀, tí ó sọ pé òòfà kì í ṣe agbára tí ó ń fa nǹkan bí okùn, bí kò ṣe pé ohun tí ó wúwo ń tẹ àyè àti àkókò tí ó yí i ká. Tíọ́rì yìí ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà gẹ́lẹ́. Èyí kọ́ wa pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ náà "òfin ìṣẹ̀dá" lè túmọ̀ sí. Èkínní ni ohun tí ènìyàn kọ sínú ìwé, tí a lè tún ṣe bí ẹ̀rí tuntun bá yọjú. Èkejì ni ètò tí ó wà nínú ayé fúnra rẹ̀, tí ìwé náà ń gbìyànjú láti sọ. Kò sí ẹni tí ó lè pe èkínní ní Ọlọ́run láìṣi ọ̀rọ̀ lò, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Bí a óò bá jiyàn rárá, orí èkejì ni a óò jiyàn lé.

Spinoza, Einstein, àti ohun tí wọ́n sọ gan-an

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Baruch Spinoza. Inú ìdílé Júù ni wọ́n bí i sí ní Amsterdam ní 1632. Ní oṣù Keje 1656, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, àwọn alákòóso sínágọ́gù ìlú náà lé e kúrò láàárín wọn nítorí èrò rẹ̀. Iṣẹ́ dídán gíláàsì awò ni ó ń ṣe. Ní 1670 ni ó tẹ ìwé kan jáde láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ìwé tí ó sọ nípa ẹ̀sìn àti ìṣèlú. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, Ethics, kò jáde títí ó fi kú ní 1677.

Nínú ìwé 1670 náà, Spinoza sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín kí a ní ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀ nípa òfin ìṣẹ̀dá àti kí a ní ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀ nípa àṣẹ Ọlọ́run. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ìyanu tí ó tako òfin ìṣẹ̀dá, ohun tí ó ń sọ ni pé Ọlọ́run tako ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí, wọ́n sì ní Spinoza sọ pé òfin ìṣẹ̀dá ni Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ kà á, kì í ṣe ohun tí ó sọ nìyẹn. Ohun tí ó sọ ni pé òfin ìṣẹ̀dá ni àṣẹ Ọlọ́run. Ọlọ́run fúnra rẹ̀, lójú Spinoza, ni ohun kan ṣoṣo tí ó dá dúró láìgbára lé òmíràn, tí ohun gbogbo tí ó wà sì ti inú rẹ̀ jáde. Àbùdá rẹ̀ kò lóǹkà. Méjì péré ni ènìyàn mọ̀ nínú wọn, èyíinì ni ìrònú àti gbígba àyè. Òfin tí Newton àti Einstein kọ, ti ohun tí ó ń gba àyè ni. Bí a bá tilẹ̀ gba gbogbo ẹ̀kọ́ Spinoza gbọ́, òfin wọ̀nyí kò lè jẹ́ gbogbo Ọlọ́run.

Spinoza kò sì bo ohun tí èrò yìí yóò gbà lọ́wọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní apá tí ó kẹ́yìn Ethics, ó sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn Ọlọ́run kò gbọdọ̀ máa wá kí Ọlọ́run fẹ́ràn òun padà. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n ó bá ìpìlẹ̀ rẹ̀ mu: ohun tí ó ń ṣe ohun gbogbo nítorí pé kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn kò lè yọ́nú sí ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ.

Einstein tẹ̀ lé e. Ní 1929, nígbà tí Herbert Goldstein, rábì kan ní New York, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gba Ọlọ́run gbọ́, èsì rẹ̀ ni pé Ọlọ́run Spinoza ni òun gbà gbọ́, èyí tí ó fi ara hàn nínú ètò dáradára tí ó wà nínú ohun gbogbo, kì í ṣe Ọlọ́run tí ó ń dá sí àyànmọ́ àti ìṣe ọmọ ènìyàn. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé Einstein pàápàá kò ní ètò náà ni Ọlọ́run. Ó ní Ọlọ́run fi ara hàn nínú rẹ̀.

Newton, tí ó kọ òfin náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tako èrò yìí pátápátá. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó fi kún Principia nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1713, ó ní Ọlọ́run ń ṣàkóso ohun gbogbo gẹ́gẹ́ bí Olúwa lórí wọn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mí inú ayé. Ó fi kún un pé orúkọ náà "Ọlọ́run" jẹ́ ti ìbáṣepọ̀: bí kò bá sí ìránṣẹ́, kò sí olúwa. Kókó yìí ṣe pàtàkì, yóò sì tún jẹ yọ nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá.

Ṣé òfin ń ṣe nǹkan, àbí ó kàn ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí òfin ìṣẹ̀dá jẹ́ gan-an. David Hume, ọmọ ilẹ̀ Scotland, sọ ní 1748 pé bí a bá wo ayé dáadáa, ohun tí a ń rí kò ju pé nǹkan kan máa ń tẹ̀ lé òmíràn lọ. A rí iná, a rí jíjóná. A kò rí ipá kankan tí ó so wọ́n pọ̀. David Lewis, ọmọ Amẹ́ríkà, tún èrò yìí ṣe ní 1973. Lójú tirẹ̀, òfin ìṣẹ̀dá ni àwọn gbólóhùn tí ó máa wà nínú àkópọ̀ tí ó dára jù lọ nípa gbogbo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ayé, àkópọ̀ tí ó rọrùn tí ó sì sọ ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. David Armstrong, ọmọ Australia, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1983, ó ní òfin ju àkópọ̀ lọ: ó jẹ́ ìsopọ̀ tòótọ́ láàárín àwọn àbùdá, tí ó ń mú kí èkejì tẹ̀ lé èkínní ní dandan.

Bí Hume àti Lewis bá tọ̀nà, ìbéèrè inú àpilẹ̀kọ yìí ti yanjú. Àkópọ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Òpìtàn tí ó kọ ìtàn ogun Kírìjì kò ja ogun náà, ìwé rẹ̀ kò sì pa ẹnikẹ́ni. Bí òfin bá jẹ́ ìròyìn lásán nípa ohun tí ayé ń ṣe, a kò lè sọ pé ìròyìn náà ni ó dá ayé tàbí ni ó ń gbé e ró. Bí Armstrong bá tọ̀nà, ọ̀rọ̀ sún mọ́ tòsí díẹ̀, nítorí pé òfin ń mú nǹkan ṣẹlẹ̀ ní dandan. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ láàárín àwọn àbùdá kò ní èrò, kò fẹ́ nǹkan, kò sì kọ nǹkan. Ohun tí ó kù fún ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní Ọlọ́run ni kí ó fi hàn pé èrò àti ìfẹ́ kò pọn dandan fún ẹni tí a óò pè bẹ́ẹ̀.

"Òfin," "ìwà" àti "àṣẹ" nínú èdè Yorùbá

Nígbà tí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá, ohun tí ó fara sin nínú èdè mìíràn máa ń hàn síta. Nínú ìlò Yorùbá, ẹnì kan ni ó ń fi òfin lélẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ni a ní ó pa á mọ́. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e ni arúfin. Òfin, nítorí náà, ní ẹni tí ó ṣe é, ó ní ẹni tí ó ṣe é fún, ó sì ṣeé rú. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, tún fi ìdí ìtumọ̀ yìí múlẹ̀, nítorí pé òfin ni wọ́n pe ohun tí Ọlọ́run fún Mósè.

Òfin ìṣẹ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé rú. Ẹni tí ó já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ kò rú òfin òòfà. Ó mú un ṣẹ ni. Òkúta kò gbọ́ òfin kí ó tó tẹ̀ lé e. Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú sáyẹ́ǹsì láti inú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run: nígbà tí René Descartes ń kọ òfin ìrìn àwọn nǹkan ní 1644, orí àìyípadà Ọlọ́run ni ó gbé wọn lé. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ dẹ́kun láti máa dárúkọ ẹni tí ó fi òfin lélẹ̀, wọn kò jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá gbọ́ "òfin ìṣẹ̀dá" fi lè béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé: ta ni ó ṣe òfin náà? Ìbéèrè rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a yàn ni ó bí i. Àyẹ̀wò ayé kò ì tíì sọ nǹkan kan.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ ju òfin lọ, èyí ni ìwà. Wándé Abímbọ́lá àti àwọn onímọ̀ mìíràn ti ṣàlàyé pé láti ara "wà" ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, tí ó fi jẹ́ pé wíwà nínú ayé àti ìhùwàsí kò jìnnà síra wọn. Bí a bá lo ìlànà yìí, a lè sọ pé iná ń jó nítorí pé bí ó ti wà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń pàṣẹ fún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wíwà rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ kò ṣeé pín níyà. Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ báyìí, kò sí òfin kankan tí ó dá dúró lẹ́yìn àwọn nǹkan, tí a lè wá pè ní Ọlọ́run. Ohun tí ó wà ni àwọn nǹkan àti ìwà wọn. Ìbéèrè yóò wá yí padà di: ta ni, tàbí kí ni, ó fún wọn ní ìwà?

Ọ̀rọ̀ kẹta ni àṣẹ. Àṣẹ ni agbára tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ ṣẹ, kí ewé jẹ́, kí àdúrà gbà. Ó jọ òfin ìṣẹ̀dá ní ti pé ó wà káàkiri nínú ènìyàn, ẹranko, ewé àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó wuni láti sọ pé àṣẹ ni Yorùbá ń pe ohun tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní òfin. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: a máa ń gba àṣẹ ni. Olódùmarè ni ó ni ín. Òrìṣà, ọba àti àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí Yorùbá tí ó ń bọ àṣẹ tàbí tí ó ń pè é ní Ẹlẹ́dàá. Ẹni tí ó ni àṣẹ ni a ń ké pè.

Ibi tí Olódùmarè ti jọ òfin, àti ibi tí kò ti jọ ọ́

Ní 1962 ni Bọ́lájí Ìdòwú tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde. Ó ṣàpèjúwe Olódùmarè gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́dàá, Ọba, Alágbára jù lọ, Ọlọ́gbọ́n jù lọ, Adájọ́ àti Ẹni tí kì í kú. Àwọn onímọ̀ kan kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Okot p'Bitek, ọmọ Uganda, fi ẹ̀sùn kan àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Áfíríkà lápapọ̀ pé aṣọ àwọn Gíríìkì ni wọ́n wọ̀ fún àwọn ọlọ́run Áfíríkà kí wọ́n lè jọ ti àwọn Kristẹni. John Bewaji, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1998, sọ pé Olódùmarè inú èrò Yorùbá kò rí bí Ọlọ́run ẹ̀kọ́ Kristẹni tí ibi kò gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Bí a bá gbé ìkìlọ̀ wọn yẹ̀ wò, ó dà bí ẹni pé Olódùmarè sún mọ́ òfin ìṣẹ̀dá ju bí Ọlọ́run àwọn ẹ̀sìn tí ó ti òkèèrè wá ti sún mọ́ ọn lọ. Kò wọ́pọ̀ kí a rí ojúbọ Olódùmarè bí a ti ń rí ti òrìṣà. A kò mọ ère rẹ̀. A ń pè é ní Adákẹ́dájọ́, ẹni tí ó dákẹ́, síbẹ̀ tí ìdájọ́ rẹ̀ ń dé. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ yìí lóréfèé lè rò pé òfin àtúbọ̀tán ni a ń sọ: ohun tí a bá gbìn ni a ó ká.

Ṣùgbọ́n nínú "Adákẹ́dájọ́" gan-an ni ìyàtọ̀ náà wà. Ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nìkan ni a lè ní ó dákẹ́. A kì í sọ pé òkúta dákẹ́ nítorí pé ó ní sùúrù. Orúkọ náà yin ẹni tí ó rí ohun tí a ṣe, tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì yàn láti má tètè fọhùn. Ìdájọ́ náà kò rí bí òjò tí ó ń pa ẹni tí ó bá rí: òjò kò wo ẹ̀rí, adájọ́ ní láti wò ó. Bákan náà ni orúkọ náà Ọba. Gẹ́gẹ́ bí Newton ti sọ nípa olúwa àti ìránṣẹ́, kò sí ọba láìsí ìlú. A ń bẹ ọba, a ń júbà ọba, a lè fi ẹjọ́ sùn ún. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹjọ́ sun òòfà.

Ọ̀rọ̀ àyànmọ́ tún fi èyí hàn. Bí ohun kan bá wà nínú èrò Yorùbá tí ó jọ òfin tí kò ṣeé yẹ̀, àyànmọ́ ni, nítorí a ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Síbẹ̀ ènìyàn kan náà tí ó pa òwe yìí yóò lọ dá Ifá, yóò sì rú ẹbọ kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin àti àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn púpọ̀ lórí bí méjèèjì ṣe lè bára wọn gbé. Ohun tí ó dájú ni pé kódà níbi tí ìpinnu ti le jù, Yorùbá ṣì gbà pé ẹnì kan wà tí a lè bá sọ ọ́.

Mọ̀nàmọ́ná àti ìbéèrè "èéṣe?"

Àpẹẹrẹ kan yóò mú kí ọ̀rọ̀ yé wa sí i. Nínú ìkùukùu òjò, yìnyín wẹ́wẹ́ àti yìnyín tí ó tóbi díẹ̀ ń kọlu ara wọn, iná mànàmáná inú wọn a sì pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan sókè, èkejì sísàlẹ̀. Nígbà tí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè dí lọ́wọ́ lọ, yóò bú jáde. Ooru ojú ọ̀nà tí ó gbà lè tó 30,000 ní ìwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ a fẹ̀ lójijì, ìró rẹ̀ ni a ń pè ní àrá. Nínú èrò ìbílẹ̀ Yorùbá, Ṣàngó ni ó ni àrá, ó sì ń fi í jẹ òpùrọ́ àti olè níyà.

Kókó méjì ni ó yẹ kí a rí níhìn-ín. Èkínní ni pé Yorùbá kò fi agbára ìṣẹ̀dá yìí ṣe Olódùmarè. Àrá jẹ́ ti Ṣàngó, odò jẹ́ ti Ọ̀ṣun àti Yemọja, irin jẹ́ ti Ògún. Bí a bá wá fi dandan so àwọn agbára tí sáyẹ́ǹsì ń ṣàpèjúwe mọ́ ẹnì kan nínú ẹ̀sìn Yorùbá, ọ̀dọ̀ òrìṣà ni a óò dé, Olódùmarè yóò sì ṣì wà lókè wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fún wọn láṣẹ.

Kókó kejì ni èyí tí J. Olúbí Ṣódípọ̀ gbé yẹ̀ wò ní 1973, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí okùnfà àti kòńgẹ́ nínú èrò ìbílẹ̀ Yorùbá. Ó ṣàlàyé pé ibi tí ẹlòmíràn yóò ti sọ pé nǹkan kan kàn ṣe kòńgẹ́, Yorùbá ìbílẹ̀ máa ń wá ìfẹ́ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí iná ṣe ń jó tàbí bí omi ṣe ń ṣàn. Ìbéèrè tí ó ń dun ẹni tí ọ̀ràn kàn yàtọ̀ ni. Bí àrá bá pa àgbẹ̀ kan lóko, òfin ìṣẹ̀dá lè sọ bí iná náà ṣe dé orí igi tí ó sá sí abẹ́ rẹ̀. Opó rẹ̀ kò béèrè ìyẹn. Ohun tí ó ń béèrè ni pé èéṣe tí ó fi jẹ́ ọkọ òun, èéṣe tí ó fi jẹ́ ọjọ́ náà. Òfin kò dákẹ́ lórí ìbéèrè yìí bí Adákẹ́dájọ́ ti ń dákẹ́. Kò ní ohùn tí yóò fi dáhùn ni.

Ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè opó náà má ní ìdáhùn. Ìyẹn ni ẹni tí ó gba Spinoza gbọ́ yóò sọ, ó sì lè sọ pé àánú ni láti jẹ́ kí obìnrin náà mọ̀, kí ó má baà máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò dá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan òkú nítorí pé àrá pa á pọ̀ nínú ìtàn, ìmọ̀ nípa òfin ìṣẹ̀dá sì ti gba orúkọ ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí fi hàn ni pé òfin wúlò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, nítorí pé kò dájọ́ ẹnikẹ́ni. Ní kété tí a bá pè é ní Ọlọ́run, ìdájọ́ tún ti wọlé, a ó sì tún máa béèrè ohun tí òkú náà ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé òfin ìṣẹ̀dá ní díẹ̀ nínú àwọn àmì tí a fi ń mọ Ọlọ́run: ó wà níbi gbogbo, kì í yí padà, kò ṣojúsàájú. Ṣùgbọ́n bí òfin bá jẹ́ ìròyìn, kò lè ṣe ohunkóhun; bí ó bá jẹ́ ìsopọ̀ tí ó jẹ́ dandan, kò lè fẹ́ tàbí kọ̀. Spinoza tí a máa ń pè ní ẹlẹ́rìí kò sọ pé òfin ni Ọlọ́run. Ó ní àṣẹ Ọlọ́run ni. Nínú èdè Yorùbá, òfin ń béèrè ẹni tí ó fi í lélẹ̀, ìwà ń béèrè ibi tí ó ti wá, àṣẹ sì ń béèrè ẹni tí ó ni ín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè jókòó sórí ìtẹ́ Olódùmarè láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a lè pè é lọ́ba kúrò.

Èyí kò fi hàn pé Olódùmarè wà tàbí pé kò sí. Ẹni tí ó bá rò pé òfin ìṣẹ̀dá nìkan ni ó wà lẹ́yìn ohun gbogbo lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò rẹ̀. Ó kàn yẹ kí ó sọ pé kò sí Ọlọ́run, tàbí kí ó sọ pé òun ti yí ìtumọ̀ orúkọ náà padà, kí àwọn tí ń gbọ́ ọ lè mọ ohun tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọ́n ń pàdánù. Fún àwọn tí ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ láti ojúewé àkọ́kọ́ pé "òfin" tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a lè rú, àti pé "ìwà" àwọn nǹkan ni ó sún mọ́ ohun tí a ń wí jù lọ. Nígbà náà ni ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni ìwà yóò tó di ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ béèrè.